Ilẹ̀ Pákó Tí A Fi Pamọ́ De Àlejò

Ìyá mi kì í lo nǹkan tuntun. Bí ẹ bá ra abọ́ fún un, inú àpótí ló ń lọ. Bí ẹ bá ra aṣọ tábìlì fún un, yóò gbé e yẹ̀ wò, yóò dúpẹ́, yóò gbàdúrà fún yín títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro yín, lẹ́yìn náà yóò ká a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Àwọn àga páálọ̀ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà wọ́n wà lára wọn títí ọ̀rá náà fi gbó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tó sì ń lẹ̀ mọ́ wa nítan nígbà ooru. Bí mo bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní, "Àlejò ńkọ́?" Mi ò tíì rí àlejò tó wá sílé wa tó bèèrè bóyá abọ́ tí òun fi ń jẹun jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n tíṣà ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jiyàn tí ó ń jàre.

Ohun kan ṣoṣo ló wù ú fún ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ pákó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó láti ògiri dé ògiri. Wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́, wọ́n sì ti kọ́ èyí tó ga jù ú lọ sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì lè sọ fún yín ibi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ bà lórí pákó ọ̀hún láàárọ̀, àti èwo nínú àwọn pákó náà ló máa ń ké bí bàbá rẹ̀ bá jí. Sìmẹ́ńtì ló wà nílẹ̀ páálọ̀ wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún bàbá mi, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìsì, bàbá mi ti kú, ìyá mi sì ní òun ò fẹ́ táìsì, pé ó ń tutù bí ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, nítorí èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi tún bí lẹ́yìn mi, ti wà ní Kánádà láti ọdún pípẹ́. Dókítà náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wa pé èyí tó ti bàjẹ́ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà sípò mọ́, pé oògùn kàn lè mú kí ìyókù pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ ni. Ìyá mi ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun, dókítà," bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé búrẹ́dì ti tán. Ìgbà tí ọkọ̀ wa dé Costain, tí mo ti rò pé ó ti sùn, ló tó sọ̀rọ̀.

"Ilẹ̀ pákó mi tí mo ní mo máa ṣe," ó ní, "ó mà jọ pé mo ti pẹ́ jù."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo pe àbúrò mi ní ọjọ́ yẹn gan-an. A ò bá ara wa jiyàn, èyí tí kì í ṣe àṣà wa. A ní ká ṣe ilẹ̀ náà kíá, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kì í ṣe nítorí ẹwà ilé, kì í ṣe nítorí aládùúgbò. Kí ìyá wa wo ilẹ̀ pákó rẹ̀ ní àwòtẹ́rùn kí ojú rẹ̀ tó ṣú tán, ìyẹn nìkan là ń wá.

Káfíńtà tí wọ́n júwe fún mi wá láti Mushin. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti ṣe ilé fún sẹ́nétọ̀, ó ti ṣe ilé fún agbábọ́ọ̀lù, gbogbo ẹni tí èèyàn lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú rédíò ló ti ṣe ilé fún, bí a bá gbà á gbọ́. Èmi náà ò fẹ́ràn kí wọ́n rẹ́ mi jẹ, nítorí náà mo ti ka gbogbo ohun tí fóònù mi lè gbé wá nípa ilẹ̀ pákó. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ sẹ́nétọ̀, èmi á máa bi í léèrè nípa ọ̀rinrin.

Kó tó kan ìṣó kankan, a kó pákó tí a rà, ti igi apá tó le dáadáa, sínú páálọ̀, a tò ó, a fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, a sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pákó tí wọ́n bá kàn mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí ara rẹ̀ bá inú ilé náà mu, ńṣe ló máa wú bí òjò bá dé, á sì fún bí ọyẹ́ bá dé, tí àlàfo á wá máa yọjú láàárín rẹ̀. Káfíńtà tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sórí sìmẹ́ńtì kí omi abẹ́ ilẹ̀ má bàa gòkè. Ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yí ká, níbi tí pákó lè nà sí bó bá fẹ́ nà, ó sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Ìyá mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kọ́rídọ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ó ti di pé kó yí orí díẹ̀ kó tó lè rí nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wò ó.

Ọjọ́ tí fáníìṣì gbẹ, ìyá mi bọ́ bàtà sí kọ́rídọ̀, ó wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, pákó náà pọ́n, ibòmíràn jẹ́ búráùn, ìlà dúdú sì ń ṣàn lórí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rìn lọ sídìí fèrèsé, ó rìn padà. Ó dúró, ó fi ìka ẹsẹ̀ tọ ìlà kan lọ. Nígbà tó yá, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó rọra jókòó sílẹ̀, ìyá àgbà yìí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní kí n wá jókòó. Mo jókòó. Inú mi dùn, mo na ẹsẹ̀ tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Kí káfíńtà tó lọ, ó fún wa ní òfin. Ká má ṣe da omi sí i bí a ti ń da omi sí sìmẹ́ńtì ní Sátidé. Ká fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá a, ká sì fi àkísà tí a fún gbẹ dáadáa nù ún. Ká fi nǹkan rírọ̀ sídìí ẹsẹ̀ àga. Ká tẹ́ ìnusẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, nítorí yanrìn abẹ́ bàtà ni ọ̀tá fáníìṣì. Ká máa ṣí fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti mọ̀, mo sì ń mi orí bí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo òde, ó rí àwọn tó ń gé táìsì ní ilé kejì, tí eruku ń fò.

"Mọ́mì," ó ní, "fáníìṣì yìí ṣì tutù nínú o. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn wọ̀nyẹn ṣe tán."

Bí wọ́n bá ní kí n padà sí ọjọ́ kan nínú ayé mi, ọjọ́ yẹn ni màá padà sí, màá sì fi ọwọ́ dí i lẹ́nu.

Ìyá mi fi àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ bò ó. Ìyẹn ò burú. Àwọn tó ń gé táìsì ṣe tán, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ṣì wà nílẹ̀. Mo ní ká ká a kúrò, ó ní ká ṣì ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Yaba, mo bá kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, èyí tó máa ń dán yanran, tí wọ́n ya òdòdó sí, láti ògiri kan dé èkejì. Ó ti ní kí ọlọ́jà gbé e wá, kó sì gé e sí ìwọ̀n páálọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fèrèsé wà ní títì, kọ́tìnnì sì bò ó.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Mo fi bo ilẹ̀ ni."

"Ẹ tún fi ilẹ̀ bo ilẹ̀?"

"Àbúrò rẹ ń bọ̀ ní Kérésìmesì," ó ní. "Ìyàwó rẹ̀ ò tíì tẹ inú ilé yìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó lọ́hùn-ún. Ṣé o fẹ́ kó wá bá ilẹ̀ tí gbogbo wa ti fi ẹsẹ̀ họ ni? Bí wọ́n bá dé, a ó ká a. Tuntun ni wọ́n máa bá a."

"Ẹ̀yin la ṣe é fún, Mọ́mì."

"Mo ti rí i. Ó dára. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ó ti rí i. Bí ẹni tí wọ́n fi ẹran hàn, tó ní òun ti yó. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Mo ní pákó ń mí, mo ní bí omi bá bọ́ sábẹ́ rọ́bà yìí, kò níbi tó máa gbà jáde. Mo ṣí fóònù mi, mo nà án sí i pé kó kà á, kí n tó rántí pé kò lè ka lẹ́tà kéékèèké mọ́. Ó ní gbogbo ohun tí fóònù ń sọ kọ́ ló kan ilé òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ti gé sílípáàsì àtijọ́ wẹ́wẹ́, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan. Mo ti ra ìnusẹ̀, ọ̀kan sí òde, ọ̀kan sínú. Gbogbo ìtọ́jú yẹn, fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀.

Àbúrò mi ò wá ní Kérésìmesì. Ìwé ìrìnnà ìyàwó rẹ̀ ò tíì jáde. Ó ní ó di Ọdún Àjíǹde. Ní Ọdún Àjíǹde, ibi iṣẹ́ ò fún un láyè. Bó bá pe ìyá wa lórí fídíò, á ní, "Mọ́mì, ẹ fi ilẹ̀ yín hàn wá ná," ìyá mi á fi ọwọ́ bo ojú fóònù, á máa rẹ́rìn-ín, á ní wọ́n á rí i bí wọ́n bá dé. Àbúrò mi rò pé orí ilẹ̀ náà ló gbé ẹsẹ̀ lé tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Kọ́rídọ̀ ló wà, lórí àga onígi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn páálọ̀ tí a tì pa. Ìgbà tí mo ní màá sọ fún un, ìyá mi bẹ̀ mí. Ó ní, "Má sọ fún un o. Á rò pé mò ń fi ipá fa òun wálé." Bó bá ṣe pé ó pàṣẹ ni, mo lè bá a jà. Ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀ mí.

Láàárín ìgbà náà, ojú rẹ̀ ń lọ. Ó kọ́kọ́ ń gbé ìwé orin sún mọ́ imú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá kò gbé e mọ́, ó ń kọ orin látorí. Ó da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ní èmi ni mo gbé ife náà kúrò. Ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Mò ń wò ó, mo sì ń wo páálọ̀ tí a tì pa, inú ń bí mi lójoojúmọ́, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ní Sátidé kan tó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká rọ́bà náà, mo ṣí fèrèsé. Ilẹ̀ náà ṣì dára nígbà yẹn. Mo fẹ́ kó wọlé, kó bá a bẹ́ẹ̀, kó wò ó, nítorí mo mọ̀ pé ó ṣì lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ tó. Ó wọlé, ó gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe dún, ó mọ̀. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Èmi ló wò.

"Ṣé o fẹ́ kó gbó kí àbúrò rẹ tó dé ni?" ó ní.

Kò pariwo. Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa rọ́bà náà padà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tó máa dúró tí á máa wo ìyẹn. Mo bá a fà á.

Òjò ọdún yẹn kò ṣeré. Ládùúgbò wa, bí òjò bá ti le, omi máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú wọlé díẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n, àkísà la fi ń dí i. Láyé sìmẹ́ńtì, bó bá wọlé, a ó rí i, a ó nù ún, ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, a nu òkè rọ́bà, ó gbẹ, ó ń dán, a rò pé ó parí. Omi ti gba etí rọ́bà wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, páálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí wọ́n ká láìgbẹ. Ìyá mi ní gọ́tà ni. Gọ́tà wa ń rùn lóòótọ́, kò sí ìgbà tí kì í rùn, nítorí náà mi ò rí nǹkan fi bá a jiyàn.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ìyá mi ní kí n ká rọ́bà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ti ń rìn nígbà yẹn. Ó ṣì lè mọ ibi tí fèrèsé wà nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi í sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo fa rọ́bà náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ pákó. Nígbà tó ṣí, òórùn tó jáde dá mi dúró. Láti ìdí ilẹ̀kùn iwájú dé àárín páálọ̀, pákó ti dúdú. Etí wọn ti gbé sókè, àárín wọn ti wọnú. Àwọn kan ti wú, wọ́n ti ti ara wọn débi pé wọ́n fa ìṣó tu. Nǹkan funfun ti hù sójú wọn. Lọ́dọ̀ fèrèsé lọ́hùn-ún, níbi tí omi ò dé, ó ṣì pọ́n.

"Ṣé ó ṣì ń dán?" ìyá mi bèèrè lẹ́yìn mi.

"Ẹ dúró ná, Mọ́mì. Ẹ má tíì wọlé."

Ó ti bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì, ó dúró. Mo rí bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wá ibi tó tẹ́jú, tí kò rí i. Ó tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, pákó kan mì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n mú òun padà sórí àga òun, mo sì mú un padà. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo tan bílẹ́ńdà kí ó má bàa gbọ́ mi, mo sunkún.

Wọ́n dé lọ́sàn-án. Ìyàwó àbúrò mi jẹ́ ọmọlúàbí; ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi lórí pákó tó gbé etí sókè yẹn, ó sì dájú pé ó gún un lórúnkún, ṣùgbọ́n kò yára dìde. Ìyá mi fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n. Àbúrò mi wo ilẹ̀, ó wò mí, ó fà mí jáde sí bàráńdà.

"Àǹtí mi, kí ló ṣe ilẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbára lé irin bàráńdà.

"Èmi lẹ ń dúró dè?" ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ní gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé Mọ́mì ń rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Èmi ò fẹ́ bá nǹkan kankan ní tuntun, Àǹtí mi. Ká ní mo bá a ní gbígbó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, inú mi ì bá dùn."

"Lọ sọ fún wọn."

"Kí ni mo fẹ́ sọ báyìí?"

Kò sọ ọ́ fún Mọ́mì, èmi náà ò sì sọ ọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá ohun tó dára. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí ìyá òun jẹ̀gbádùn. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá mi. A fi ìfẹ́ bo ilẹ̀ náà títí ó fi jẹrà.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Kánádà, mo pe káfíńtà. Ó lóṣòó, ó fi ìka kan pákó, ó pòṣé, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì dárúkọ sẹ́nétọ̀ kankan. Ó tú àwọn tó bàjẹ́, ó ní ká ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ìyókù gbẹ fúnra wọn, pé bí òun bá fá wọn ní tútù, wọ́n á tún yí padà bí wọ́n bá gbẹ tán. Nígbà tí ọyẹ́ dé ló tó kan tuntun mọ́ ọn, ó fá gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó kùn ún ní fáníìṣì. Ó ṣe nǹkan sí abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú tí omi kì í fi í wọlé mọ́. Ilẹ̀ náà dára báyìí, kódà ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó kí wa, ìyá mi á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, á ní, "Ẹ ṣé," kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Ilẹ̀ nìkan la rí tún ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo bá a nínú páálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lọ láti pákó kan sí èkejì. Mo rò pé nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ ń wá?"

"Báwo ni àwọ̀ èyí ṣe rí?" ó ní.

Mo jókòó tì í. Mo ní èyí pọ́n. Ó bọ́ sí èkejì. Mo ní èyí búráùn, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀ tó ń lọ gbọọrọ títí dé ìdí ògiri. Ó fi ìka wá ìlà náà, ìka ò rí i, nítorí fáníìṣì ti mú gbogbo rẹ̀ dán bákan náà. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, òun ń bèèrè, èmi ń dáhùn, títí a fi dé àárín páálọ̀. Níbẹ̀ ló dáwọ́ dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé pákó.

"Gbogbo ìgbà tí mo fi lè wò ó," ó ní, "mò ń sọ pé àlejò ò tíì dé."

Mo di apá rẹ̀ mú, mo gbé e dìde, a lọ jẹun.